Medicare fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì: ìbéèrè tí ẹ ń bi mí lójoojúmọ́, àti ìdáhùn wọn

Láti ìgbà tí àwọn ará wa ní Houston ti mọ̀ pé mo máa ń bá àwọn àgbà kọ fọ́ọ̀mù Medicare, ìyẹn inṣọ́ránsì ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún ẹni tó ti pé ọdún 65, fóònù mi kì í sinmi. Ìbéèrè kan náà ni, ẹnu tó ń bi í ló ń yàtọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé lẹ́yìn tí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ bá ti kọjá ni ọ̀pọ̀ yín máa ń pè. Bí ẹ bá mú ètò tí kò dára, ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ máa rí i pààrọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí ọjọ́ kọjá, ẹ lè máa san owó rẹ̀ títí ẹ ó fi dágbére fáyé. Iye owó tí mo bá dárúkọ níbí, ti ọdún 2025 ni. Ọdọọdún ni wọ́n ń yí i padà.

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 65 ni mo fẹ́ pé. Ìgbà wo ni kí n forúkọ sílẹ̀?

Oṣù méje lẹ ní: oṣù mẹ́ta tó ṣáájú oṣù ọjọ́ìbí yín, oṣù náà gan-an, àti mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ẹ ṣe é nínú mẹ́ta àkọ́kọ́. Ọjọ́ìbí tó wà nínú ìwé Social Security (ọ́fíìsì ìjọba tó ń san owó ìfẹ̀yìntì, tó sì ń gba orúkọ fún Medicare) ni wọ́n máa wò, kì í ṣe ọjọ́ tí àwọn ọmọ ń ṣe ayẹyẹ fún yín.

Ìbéèrè: Mo ti pé 65, mi ò rí káàdì kankan.

Ṣé ẹ ti ń gba owó Social Security? Bí ẹ bá ti ń gbà á fún oṣù mẹ́rin ó kéré tán kí ẹ tó pé 65, àwọn fúnra wọn ló máa fi káàdì ránṣẹ́. Bí ẹ ò bá tíì máa gbà á, kò sẹ́ni tó máa fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lónìí.

Ìbéèrè: A, B, C, D, kí ni gbogbo rẹ̀?

Part A, bí wọ́n bá dá yín dúró sí ọsibítù. Part B, dókítà, àyẹ̀wò, àti ìtọ́jú tí ẹ gbà tí ẹ sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Part D, oògùn. Medigap ni inṣọ́ránsì tí ẹ máa rà lọ́tọ̀ kó lè bá yín san nínú owó tí A àti B fi sílẹ̀ fún yín. Part C ni wọ́n ń pè ní Advantage: ilé iṣẹ́ aládàáni á gba A àti B yín mọ́ra, wọ́n sì sábà máa ń fi D kún un. Ẹni tó bá wà nínú Advantage kò lè lo Medigap. Torí náà, ọ̀nà méjì péré ló wà níwájú yín, yálà A àti B pẹ̀lú Medigap àti D, tàbí Advantage.

Ìbéèrè: Ṣebí ọ̀fẹ́ ni?

Part A jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́, tó sì san owó orí Medicare fún ọdún mẹ́wàá, tàbí tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀. Part B kì í ṣe ọ̀fẹ́. $185 lóṣooṣù ni ọ̀pọ̀ èèyàn san ní 2025. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ́kọ́ san iye kan lápò ara yín láàárín ọdún ($257 ni ní 2025), Part B á san ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, ẹ̀yin á san ìdá kan tó kù. Ìdá kan yẹn kò ní ààlà. Ẹni tí wọ́n ń tọ́jú fún jẹjẹrẹ máa mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìbéèrè: Màmá wa wá láti Abẹ́òkúta, green card ló wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò ṣiṣẹ́ rí níbí.

Bí wọ́n bá ti pé 65, tí wọ́n sì ti gbé Amẹ́ríkà fún ọdún márùn-ún léraléra pẹ̀lú green card, wọ́n lè gba Part B, wọ́n sì lè ra Part A. Ṣùgbọ́n $518 lóṣù ni Part A yẹn ní 2025 fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rárá. Kí ẹ tó san án, ẹ béèrè bóyá Bàbá ṣiṣẹ́ níbí tó ọdún mẹ́wàá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ yín bóyá owó tó ń wọlé fún Màmá kéré tó débi tí wọ́n fi lè bá wọn san án. Ètò ìrànlọ́wọ́ wà fún un, ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò sì béèrè.

Ìbéèrè: Ejẹ́ǹtì kan ní òun ní ètò tí kò ní owó oṣù rárá, wọ́n tún ń tọ́jú eyín, wọ́n sì ń fúnni ní awò ojú.

Advantage nìyẹn. Ẹ ṣì máa san owó oṣù Part B. Mi ò sọ pé kò dára o. Ẹni tí dókítà àti ọsibítù rẹ̀ bá wà nínú ètò náà, tí kì í sì í fi ìlú sílẹ̀ pẹ́, ó lè bá a lára mu dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ pe ọ́fíìsì dókítà yín kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ má bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ ń gba Medicare?" Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ dárúkọ ètò náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé, títí kan HMO tàbí PPO (irú ètò tó jẹ́) tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo orúkọ oògùn yín nínú ìwé wọn. Ẹ béèrè irú ìtọ́jú tí wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí dókítà tó lè ṣe é. Ẹ tún béèrè iye tó pọ̀ jù tí ẹ lè san láàárín ọdún kan: ní 2025, ìjọba gbà kí ó tó $9,350 lọ́dọ̀ àwọn dókítà inú ètò.

Òfin kò gbà kí ejẹ́ǹtì wá kanlẹ̀kùn yín láìjẹ́ pé ẹ pè é. Bó bá wá, ẹ má fún un ní nọ́ńbà Medicare yín.

Ìbéèrè: Ara mi le. Ṣé kí n mú Advantage báyìí, bí àìsàn bá dé kí n wá ra Medigap?

Èrò yìí ni mo ń bá jà jù. Oṣù mẹ́fà péré ni òfin fún yín, láti oṣù tí Part B yín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ pé 65. Láàárín oṣù mẹ́fà yẹn, kò sí ilé iṣẹ́ Medigap tó lè kọ̀ yín tàbí kó fi owó kún un nítorí àìsàn. Bó bá kọjá, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, títí kan Texas níbí, wọ́n á bi yín nípa àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti kíndìnrín, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé àwọn ò fẹ́ yín. Ìpínlẹ̀ díẹ̀, bíi New York àti Connecticut, ni òfin wọn yàtọ̀.

Àyè kan wà fún ẹni tó mú Advantage nígbà tó kọ́kọ́ pé 65: bó bá fẹ́ jáde láàárín ọdún àkọ́kọ́, ó lè padà sí A àti B, kó sì ra Medigap láìsí ìbéèrè nípa ìlera. Lẹ́yìn ọdún kan, àyè yẹn ti lọ. Mo ti jókòó ti bàbá kan tí wọ́n kọ̀ léraléra lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀. Kò sí fọ́ọ̀mù kankan tí mo lè bá wọn kọ.

Ìbéèrè: Ilé ni mo máa ń wà fún oṣù mélòó kan lọ́dún.

Medicare kì í sanwó ìtọ́jú ní Nàìjíríà. Ẹ̀ báà lọ sí UCH Ìbàdàn, ẹ̀ báà lọ sí ọsibítù aládàáni ní Èkó, àpò yín lẹ máa fi san án. Àwọn oríṣi Medigap kan, bíi èyí tí wọ́n ń pè ní G àti N, lè ràn yín lọ́wọ́ fún pàjáwìrì tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín 60 ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ kúrò níbí: ẹ máa kọ́kọ́ san $250, wọ́n á san ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún èyí tó kù, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì ní ju $50,000 lọ ní gbogbo ayé yín. Ní ti Advantage, bí ẹ bá kúrò ní àdúgbò tí wọ́n ń bójú tó fún ohun tó ju oṣù mẹ́fà lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa yọ yín kúrò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fagi lé Part B torí pé ẹ ń lọ sílé. Ọjọ́ tí ẹ bá padà dé pẹ̀lú àìsàn, ó lè di oṣù January kí wọ́n tó gba orúkọ yín, owó ìtanràn á sì ti wà lórí rẹ̀.

Ìbéèrè: Mi ò lo oògùn kankan. Ṣé dandan ni Part D?

Ẹ mú èyí tó bá kéré jù lówó. Bí ẹ bá wà fún 63 ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìní inṣọ́ránsì oògùn tó dára tó ti Medicare, owó ìtanràn máa ń gun orí ara rẹ̀ lóṣooṣù. Láti October 15 sí December 7 lọ́dọọdún, ẹ padà kọ orúkọ oògùn yín sórí ìkànnì Medicare, torí ètò tó gbe yín lónìí lè pa oògùn yín tì lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí owó Part B tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi fi ju ti ọ̀pọ̀ èèyàn lọ?

Owó tó wọlé fún yín lọ́dún méjì sẹ́yìn ni wọ́n wò. Ẹni tó dá wà tí tirẹ̀ ju $106,000 lọ ní 2023 san àfikún ní 2025. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti fẹ̀yìntì tí owó ti dín kù, ẹ kọ fọ́ọ̀mù SSA-44 sí Social Security kí wọ́n lè tún un wò.

Ìbéèrè: Mo ṣiṣẹ́ kọjá 65, inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ ni mo ń lò. Ṣé wọ́n máa bu ìtanràn fún mi?

Bí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá tó 20, ẹ lè dúró kí ẹ tó gba Part B. Bí wọn ò bá tó 20, ẹ má dúró. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, oṣù mẹ́jọ lẹ ní láti gba Part B. COBRA, ìyẹn inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ tí ẹ ń fi owó ara yín san lọ lẹ́yìn tí ẹ ti kúrò níbẹ̀, kò sún oṣù mẹ́jọ yẹn síwájú. Inṣọ́ránsì àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì náà kò sún un síwájú. Bí ẹ bá ń fi owó sínú HSA (àpò ìfowópamọ́ fún ìtọ́jú ìlera, tí wọn kì í gba owó orí lé), ẹ dá a dúró ní oṣù mẹ́fà kí ẹ tó béèrè fún Medicare.

Ìdáhùn tó rọrùn nìyẹn. Ibi tó ti le ni ìwé ẹ̀rí.

Àǹtí mi ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó títí wọ́n fi kọjá ọdún 68. Gbogbo àsìkò yẹn ni ibi iṣẹ́ ń fún wọn ní inṣọ́ránsì. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìntì, a kọ fọ́ọ̀mù CMS-40B láti béèrè fún Part B. Ìkejì rẹ̀ ni CMS-L564, tí ẹni tó gbani síṣẹ́ máa fọwọ́ sí láti jẹ́rìí pé inṣọ́ránsì wà. Ẹni tó ni ilé ìtọ́jú náà ti tà á. Ọ́fíìsì rẹ̀ ti pa. Àwọn tó rà á ní àwọn ò mọ nǹkan kan nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ kí àwọn tó dé, wọn ò sì fọwọ́ sí i. Social Security dá ìwé náà padà, wọ́n ní kí Àǹtí dúró di ìgbà tí gbogbo èèyàn ń forúkọ sílẹ̀, January sí March. Wọ́n dúró, wọ́n forúkọ sílẹ̀, ìwé sì dé: ìtanràn ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún mẹ́ta gbáko tí wọ́n ní Àǹtí fi jáfara. $55.50 lé lórí owó oṣooṣù wọn, títí láé. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ láti lè ní inṣọ́ránsì ni wọ́n kọ̀wé sí pé kò ní inṣọ́ránsì.

Ohun tó tú u wà nínú ìtọ́ni tí Social Security kọ nípa fọ́ọ̀mù náà, ní ojú ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Ó sọ pé bí agbanisíṣẹ́ kò bá lè kọ ọ́, kí ẹ kọ apá tirẹ̀ fúnra yín débi tí ẹ bá mọ̀, láìsí ìbuwọ́lù, kí ẹ sì fi ẹ̀rí mìíràn tì í. A kó W-2 ọdọọdún jáde, ìyẹn ìwé owó iṣẹ́ àti owó orí tí ibi iṣẹ́ ń fúnni: lẹ́gbẹ̀ẹ́ DD tó wà ní àpótí 12 ni iye owó inṣọ́ránsì ìlera ibi iṣẹ́ máa ń wà. A wá ìwé owó oṣù tó fi hàn pé wọ́n yọ owó inṣọ́ránsì. A gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì, pẹ̀lú ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Ibẹ̀ la ti rí i pé ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kò bá ọdún 65 Àǹtí mu. Ibi iṣẹ́ ti pààrọ̀ ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì láàárín kan, lẹ́tà kan ṣoṣo kò sì lè kárí. A tún lọ wá ti àkọ́kọ́. Bí a bá ti fi ẹyọ lẹ́tà kan lọ, ohun tí wọ́n máa rí ni àlàfo ọdún kan.

Lójú fèrèsé ọ́fíìsì Social Security, òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ní àwọn ò gba fọ́ọ̀mù tí agbanisíṣẹ́ kò fọwọ́ sí. Mo ṣí ojú ìwé yẹn fún un, mo fi ìka tọ́ka sí i. Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n gbà á. A tún kọ̀wé tako ìpinnu ìtanràn náà láàárín 60 ọjọ́ tí ìwé wọn fún wa, a so gbogbo ẹ̀rí mọ́ ọn, a sì tọ́jú ẹ̀dà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ kí èsì tó dé, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ìtanràn náà, wọ́n sì dá èyí tí wọ́n ti gbà padà.

Torí náà, kí ẹ tó kúrò níbi iṣẹ́, nígbà tí ẹni tó mọ̀ yín ṣì wà ní HR, ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ sí CMS-L564. Ẹ má sì da W-2 kankan nù.

Ìbéèrè: Ta ni kí n lọ bá bí èyí bá kọjá agbára mi?

Kì í ṣe ejẹ́ǹtì, torí ilé iṣẹ́ ètò tó bá tà fún yín ló ń sanwó fún un. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló ní olùgbaninímọ̀ràn Medicare tí kì í ta nǹkan kan, tí kì í sì í gba owó. SHIP ni orúkọ ètò náà. HICAP ni wọ́n ń pè é ní Texas, SHINE ní Florida. Ẹ pe 1-800-633-4227, kí wọ́n so yín pọ̀ mọ́ ti ìpínlẹ̀ yín. Bí ẹ bá ti gba ìwé ìtanràn tàbí ìwé pé wọ́n kọ̀ yín, ẹ má gbìyànjú rẹ̀ fúnra yín, ẹ lọ bá wọn lọ́sẹ̀ náà gan-an. Ẹ mú káàdì Medicare yín dání, orúkọ gbogbo oògùn pẹ̀lú ìwọ̀n wọn, orúkọ àwọn dókítà yín, àti ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín pẹ̀lú àpò ìwé rẹ̀ tí déètì wà lára rẹ̀.