Wáyà náà kò bàjẹ́: bí mo ṣe tún olórí yàn fún switch mẹ́ta l'Ógbòmọ̀ṣọ́

Ọ́fíìsì kan nítòsí Tákìé, tó ní switch mẹ́ta (àpótí tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀), ló pè mí. Fáìlì tó máa ń ti ìsàlẹ̀ dé òkè láàrin ìṣẹ́jú kan ti ń gba bíi mẹ́wàá. Alàgbà tó ń ṣe ìṣirò owó wọn ní, "Ọmọ mi, owó oṣù àwọn èèyàn ló wà nínú ẹ̀ o."

Àbúrò tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn ti ṣe wàhálà. "Ẹ̀gbọ́n, iná ojú kan (ihò tí wáyà ń wọ̀) ń tàn bí àwọ̀ ọsàn lórí switch òkè. Mo ti pààrọ̀ wáyà ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta."

Mo ní kó fi wáyà sílẹ̀. Switch mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀ ní onígun mẹ́ta, kí iṣẹ́ má bàa dúró bí wáyà kan bá já. Ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè jẹ́ gigabit, ìyẹn eré 1000 Mbps. Ẹ̀kẹta, tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sí yàrá ẹ̀yìn, kò ju 100 Mbps lọ. Níbi tí ọ̀nà bá ti yí po báyìí, dandan ni kí spanning tree, ètò inú switch tó ń dènà yíyípo, ti ojú kan. Ẹrù tó ń gba orí Ethernet kò ní iye ìrìn tó fi ń kú. Bí a ò bá dè é lọ́nà, broadcast (ẹrù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀rọ) kan ṣoṣo á máa yí, á máa pọ̀ sí i, títí gbogbo switch á fi dákú. Nítorí náà, títì kọ́ ni àìsàn. Èwo ni wọ́n tì, kí sì nìdí?

Mo tẹ àṣẹ show spanning-tree nísàlẹ̀ àti lókè: ẹlòmíì ni root, ìyẹn olórí tí àwọn switch yòókù ń wá ọ̀nà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn, mo bá "This bridge is the root" (switch yìí ni olórí). Tòkunbọ̀ ti gorí oyè! Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan priority, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń yan root, tí ẹni tí tirẹ̀ kéré jù máa ń jẹ; 32768 ni ti gbogbo wọn. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, ẹni tí MAC rẹ̀ (nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún un) kéré jù ló ń jẹ, ẹ̀rọ àtijọ́ ló sì sábà máa ń ní in. Spanning tree máa ń fi iye sí ọ̀nà, èyí tó kéré jù ló ń gbà: 100 Mbps jẹ́ 19, gigabit jẹ́ 4. Tààrà sọ́dọ̀ root jẹ́ 19. Ká gba ọ̀dọ̀ ẹnìkejì jẹ́ 23. Bí wọ́n ṣe ti ọ̀nà gigabit nìyẹn, tí gbogbo ẹrù wá ń gba inú tòkunbọ̀ kọjá.

Àbúrò ní ká kúkú pa spanning tree. Mo ní rárá, kò gbọdọ̀ ṣe é láéláé.

Nígbà tí wọ́n ti ṣíwọ́ iṣẹ́, mo fún ìsàlẹ̀ ní priority 24576, mo fún òkè ní 28672; ìlọ́po 4096 nìkan ló ń gbà. A jọ ń wo ojú tó tì náà: LIS (ó ń tẹ́tí) fún ìṣẹ́jú àáyá 15, LRN (ó ń kọ́ àdírẹ́sì) fún 15 mìíràn, lẹ́yìn náà FWD (ó ń gbé ẹrù). Iná di àwọ̀ ewé. Ojú tòkunbọ̀ tó kọ sí òkè ló wá tì, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́. Mo fa wáyà tó ti ìsàlẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn yọ, mo ń ping switch tòkunbọ̀, ìyẹn ni pé mo ń pè é léraléra bóyá á dáhùn. Ó dákẹ́ bí ìṣẹ́jú àáyá 30, ó tún ń dáhùn. Mo dá a padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Alàgbà pè: fáìlì ti dé òkè kí àwọn tó jókòó tán. Àbúrò bèèrè bóyá kóun da wáyà mẹ́ta tó yọ nù. Mo ní kó ká wọn pamọ́, kò sóhun tó ṣe wọ́n.