Bí ìwé ṣe fẹ́ ba orin agogo ọwọ́ mi tuntun jẹ́ ní Ìkòròdú

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn mí jù. Owó tí mo ná lórí títẹ ìwé orin jáde, ìwé lásán o, ju owó ọkọ̀, owó oúnjẹ àti gbogbo nǹkan tó kù lọ, bẹ́ẹ̀ orin agogo ọwọ́ (handbell, agogo tí ẹgbẹ́ jọ ń mì) tó jẹ́ ojú ìwé mẹ́rin péré ni. Ká ní owó lọ kí iṣẹ́ sì dáa, mi ò ní bínú. Àmọ́ owó lọ, ìwé ò dáa, ìwé tí ò dáa yẹn la wá gbé síwájú àwọn tí wọn ò rí orin náà rí láyé wọn, ni ẹnì kan bá lanu láàárín gbọ̀ngàn ó ní "orin yìí ò mà dùn". Ó ká mi lára gidigidi. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, torí mo mọ̀ pé àwọn míì wà ní Ìkòròdú níbí àti lápá Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ń kọ orin tiwọn, tí kò tíì jáde, tí wọ́n sì fẹ́ gbé e fún ẹgbẹ́ alágogo kí wọ́n kà á lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe ń dún.

Bí mo ṣe kọ orin náà, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. MuseScore, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ nóòtì orin, ni mo lò, ọ̀fẹ́ ni, ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Agogo 25 ni mo kọ ọ́ fún, láti nóòtì G4 nísàlẹ̀ dé G6 lókè, ọ́kítéfù méjì, torí ohun tí ìjọ tó ní agogo ládùúgbò wa ní nìyẹn, kò sí ìwúlò nínú kí n kọ orin agogo 61 fún ẹni tó ní 25. Ohùn orin ìyìn Yorùbá ni mo gbé e lé. Ibi tí mo fi ọkàn sí jù ni pé kí ohùn agogo má ta ko ohùn ọ̀rọ̀. Ẹ lè ní agogo ò kúkú sọ̀rọ̀, òótọ́ ni, àmọ́ gbogbo èèyàn tó wà ní gbọ̀ngàn ló mọ ọ̀rọ̀ orin yẹn lórí, tí agogo bá gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ wálẹ̀, etí ọmọ Yorùbá máa gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bàbá T. K. E. Phillips, tó jẹ́ ọ̀gá akọrin ní Kàtídírà Marina l'Ékòó láti 1914 dé 1962, ti ja ìjà yìí fún wa tipẹ́, mi ò sì ní jẹ́ kó já lọ́wọ́ tèmi. Orin yẹn dáa. Mo mọ̀ pé ó dáa.

Ẹni tí ò bá tíì lu agogo ọwọ́ rí lè má mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ìwé fi ká mi lára tó báyìí. Nínú kọ́yà, tí ẹni tó ń kọ álítò bá sọnù, ó máa tẹ̀ lé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Agogo ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó di agogo G4 àti A4 mú, òun nìkan ló ni wọ́n ní gbogbo gbọ̀ngàn yẹn. Tí kò bá rí nóòtì rẹ̀ lórí ìwé, nóòtì yẹn ò ní dún rárá, ihò lásán ló máa wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì lè bá a dí i. Ọwọ́ méjèèjì kún, ìbọ̀wọ́ tún wà lọ́wọ́, torí náà kò sí ọwọ́ tí wọ́n máa fi ṣí ìwé sójú kejì nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́. Ìwé agogo gbọ́dọ̀ tóbi, kó tẹ́ sílẹ̀ gbalaja lórí tábìlì, kí gbogbo ojú ìwé wà níta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí mo bá lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà nìyẹn, ìtòsí gáréèjì, mi ò ní dárúkọ wọn. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tá a fẹ́ kà á ni. Ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà gba fáìlì lórí WhatsApp, PDF ni, ó sì lọ fi Word ṣí i. Mo ń wò ó. Word bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà sí bó ṣe wù ú, nígbà tó máa parí, orí nóòtì ti di àpótí kéékèèké, ìrù wọn wà lọ́tọ̀, ìlà márùn-ún tó yẹ kó wà papọ̀ ti pín sí mẹ́ta lókè méjì nísàlẹ̀, kílẹ́fù, àmì tó máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà, ti di lẹ́tà kan tí mi ò mọ̀ rí. Mo ní, "Àbúrò, má fi Word ṣí i, Chrome ni kó o fi ṣí i, bó ṣe wà yẹn ni kó o ṣe tẹ̀ ẹ́." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, bá a ṣe máa ń ṣe é nìyí, tó bá jáde sórí ìwé ó máa tò." Kí n tó tún lanu ó ti tẹ bọ́tìnì, ìwé ti ń jáde, àpótí kéékèèké kún ojú ìwé láti òkè délẹ̀, ó sì ní mo máa sanwó wọn torí pé íǹkì ti lọ.

Mo sanwó. Mo sanwó torí pé ilẹ̀ ti ń ṣú, àwọn ọmọ tó fẹ́ tẹ ìwé JAMB wọn sì tò sẹ́yìn mi, mi ò fẹ́ ariwo. Ó wá fi Chrome ṣí i, gbogbo nóòtì sì dúró bó ṣe yẹ, inú mi dùn, ni NEPA bá mú iná lọ. Epo ò sí nínú jẹ́nẹ́rétọ̀ wọn. A dúró, wọ́n rán ẹnì kan lọ ra epo, a tún dúró, ẹni náà dé, jẹ́nẹ́rétọ̀ kọ̀ kò ṣiṣẹ́, wọ́n ń fà á, wọ́n ń fà á. Nígbà tí iná máa fi dé, ọmọ yìí ti ń kánjú, ló bá lọ kó ojú ìwé méjì sí ojú bébà A4 kan, ó tún tẹ̀ ẹ́ níwá lẹ́yìn, ó ní òun fẹ́ bá mi dín owó kù. Ta ló rán an? Nóòtì wá kéré bí ẹyin iná orí, àwọn ìlà kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ fún nóòtì G4 àti A4 ti lẹ̀ mọ́ra, nọ́ńbà bárà (ìyẹn àwọn ìpín kéékèèké tí ìlà orin pín sí) ti parẹ́ pátápátá, ìdajì orin sì wà lẹ́yìn ìwé níbi tí alágogo kankan ò lè dé. Ó tún gba owó ìyẹn náà.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo wá rí ọ̀nà, ẹ̀yin náà ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ lọ bá àwọn tó ń tẹ pílánù ilé jáde fáwọn àkítẹ́ẹ̀tì. Ìkòròdú tí wọ́n ń kọ́lé sí ní gbogbo kọ̀rọ̀, wọn ò wọ́n níbí, mo rí ọ̀kan ní ọ̀nà Sábó. Wọ́n ní bébà A3, tó tóbi ju A4 lọ, wọ́n mọ̀ pé ìlà ò gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó wà, wọn kì í bá PDF ṣeré. Ojú ìwé méjì ń jókòó sórí A3 kan, ìwé méjì ti gba gbogbo orin mi, ẹ kàn tẹ́ ẹ sílẹ̀, kò sí pé à ń ṣí nǹkan kan. ₦500 ni wọ́n gbà lórí ọ̀kan. Ó wọ́n, àmọ́ mo sanwó yìí tayọ̀tayọ̀ torí ìwé náà mọ́ kedere. Ibi tó ti bà jẹ́ ni pé íǹkì wọn tán nígbà tó ku ẹ̀dà mẹ́ta, wọ́n sì ti fẹ́ tìlẹ̀kùn. Ẹ̀dà mẹ́ta yẹn ni mo fi bébà A4 ti ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ dí, kò sí ọ̀nà míì lálẹ́ yẹn.

Ọjọ́ kejì, tábìlì, fóòmù, ìbọ̀wọ́, àdúrà, gbogbo ẹ̀ lọ bó ṣe máa ń lọ. Alágogo mẹ́jọ ló dúró. Ẹnì kan bi mí pé sọ́fà orin (tonic sol-fa) dà, mo ní kò sí, kò sì yẹ kó wà, alágogo ò nílò kó mọ dò-rẹ-mí gbogbo orin, ibi méjì tí agogo rẹ̀ wà lórí ìlà ló nílò. Mo ti fi pẹ́ẹ̀nì aláwọ̀ kun nóòtì kálukú sílé, àwọ̀ kan fún ọwọ́ ọ̀tún, àwọ̀ kan fún ọwọ́ òsì, mo sì ya gbogbo agogo tí orin náà máa lò sókè ojú ìwé àkọ́kọ́ kí wọ́n lè pín in láìbèèrè. Àmì tí ẹgbẹ́ alágogo Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, ń lò náà ni mo lò: LV níbi tí wọn ò gbọ́dọ̀ ti pa ohùn agogo, TD níbi tí àtàǹpàkò máa dúró lára agogo, SK níbi tí wọ́n máa gbọ̀n ọ́n. Ẹ má dá àmì tiyín sílẹ̀ o, àlejò ni àwọn alágogo lójú orin yín, wọn ò ní àkókò láti kọ́ èdè tuntun.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ihò níbí, ihò lọ́hùn-ún, ìsàlẹ̀ orin ò dún rárá, ní bárà kẹtàlá gbogbo ẹ̀ dúró. Ìgbà yẹn ni ará wa yẹn sọ̀rọ̀ rẹ̀ pé kò dùn. Mi ò dá a lóhùn, mo lọ wo ìdí tábìlì. Àwọn mẹ́ta tí bébà A4 wà níwájú wọn ni ihò yẹn wà lọ́dọ̀ wọn, àwọn mẹ́ta yẹn nìkan, kò sí ẹlòmíì! Mọ́mì tó di agogo G4 àti A4 mú sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, mi ò rí nǹkan kan níbí, gbogbo ẹ̀ dúdú." Mo kó bébà A4 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, mo ní kí wọ́n sún mọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí wọ́n jọ máa wo A3, mo fún Mọ́mì ní tèmi, mo sì bẹ ẹni tó ń darí pé kó fa orin náà díẹ̀, kó má sá.

Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Orin tí wọ́n ní kò dùn ni gbogbo gbọ̀ngàn ń mi orí sí yìí o! Ibi kan wà tí mo ti ní kí àwọn ìsàlẹ̀ fi ara agogo lu fóòmù orí tábìlì dípò kí wọ́n mì í, ohùn náà máa ń wúwo, ó sì máa ń gbẹ, mo kọ ọ́ kó lè gbé ìlù. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, tí àwọn òkè ń gbọ̀n tiwọn lórí rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó wá láti Ẹ̀pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ orin náà lábẹ́lẹ̀, àwọn míì gbè é, ọ̀rọ̀ àti agogo bára mu ní gbogbo ibi tí mo ti jókòó tún un kọ. Mo yọ̀. Ará wa yẹn náà ní kí wọ́n tún un lù.

Bó bá jẹ́ èmi náà ni mo tún fẹ́ gbé orin lọ lọ́la, mi ò ní wọ ṣọ́ọ̀bù tí kò ní A3, màá tẹ̀ ẹ́ ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, mi ò sì ní sanwó kí n tó rí ojú ìwé kan péré tó jáde. Ẹ kọ nọ́ńbà bárà sórí gbogbo bárà, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìlà nìkan, torí tí nǹkan bá dúró, "ẹ jẹ́ ká padà sí bárà kẹsàn-án" ni wọ́n máa sọ, ẹni tí kò bá rí i máa dúró lásán.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Bá a ṣe parí, mo rí i tí ẹnì kan ń fi fóònù ya ìwé mi. Mo bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì pa á rẹ́. Òfin Copyright ti 2022 ní ilẹ̀ wa sọ pé bó o bá ti kọ iṣẹ́ rẹ sílẹ̀, ìwọ lo ni ín, kò dìgbà tó o bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kan, ẹ̀tọ́ yẹn sì máa wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Síbẹ̀ mo ti kọ orúkọ mi, ọdún, àti "kò tíì jáde, ẹ má ṣe ẹ̀dà rẹ̀" sísàlẹ̀ gbogbo ojú ìwé, kì í ṣe àkọ́kọ́ nìkan, mo sì fi nọ́ńbà sórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan kí n lè gbà wọ́n padà kí ẹnikẹ́ni tó kúrò. Gbogbo wọn pé. Ẹgbẹ́ méjì ló bèèrè fún un, mo ti kọ orúkọ ìjọ wọn sórí tiwọn kí n tó fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá tún fẹ́ ẹ, kó sọ iye agogo tí wọ́n ní fún mi o, torí ti 25 nìkan ló wà nílẹ̀ báyìí, mo ń ṣiṣẹ́ lórí ti 37 lọ́wọ́.