Ẹ ka nọ́ńbà ara káàdì Wi-Fi kí ẹ tó wá driver

Tí ẹ bá fi káàdì Wi-Fi tuntun sínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, tí kọ̀ǹpútà sì ń ṣe bíi pé kò rí nǹkan kan, ẹ má tíì sáré lọ wá driver (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo káàdì náà). Ẹ kọ́kọ́ ka nọ́ńbà tó wà lára káàdì náà. Tó bá jẹ́ Intel AX201 tàbí AX211, apá kan iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú chipset Intel (ẹ̀yà tó ń darí iṣẹ́ lórí motherboard, ìyẹn pátákó àgbà inú kọ̀ǹpútà), káàdì yẹn nìkan kò dá pé. Tí ẹ bá fi í sínú motherboard AMD, kò ní hàn láéláé nínú Device Manager (ibi tí Windows ti ń to àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sí), kò sì sí driver tó lè tún un ṣe. AX200 tàbí AX210 ni kí ẹ rà, PCIe lásán (ọ̀nà ìsopọ̀ tí kò nílò chipset Intel) ni wọ́n ń lò fún Wi-Fi. Ojú kan náà ni gbogbo wọn jọ, ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń ṣòfò (ẹni tó ń tà á kì í sábà sọ fúnni).

Tó bá ṣe AX210 ni tí kò sì hàn, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná, ẹ yọ káàdì, kí ẹ tún un tẹ̀ wọlé dáadáa, tàbí kí ẹ gbé e sí ihò mìíràn. Tí Wi-Fi bá hàn ṣùgbọ́n tí Bluetooth kò hàn, ẹ wo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó wọ ojú USB lórí motherboard.

Ṣùgbọ́n o, kì í ṣe gbogbo motherboard Intel ló gba AX211. Ẹ wá CNVi (ìsopọ̀ tó ń pín iṣẹ́ Wi-Fi láàárín káàdì àti chipset Intel) àti orúkọ AX211 nínú ìwé motherboard yín kí ẹ tó sanwó.