Mọ́tò ń fún wa níná, ṣùgbọ́n ó ń kú lójijì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Mọ́tò oníná tí mo ti fọwọ́ kàn ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ò tíì pé mẹ́wàá, àmọ́ ẹjọ́ kan náà ni àwọn tó ni wọ́n ń bá mi rò. Kì í ṣe pé mọ́tò ò rìn o. Wọ́n fẹ́ kó fún ilé níná nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá. Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni ilé wa wà. Mọ́tò oníná Ioniq 5 ni ọkọ mi rà, pẹ̀lú pílọ́ọ̀gì tí wọ́n fi ń fa iná jáde lára rẹ̀. Fíríìjì ń ṣiṣẹ́, fáànù ń fẹ́, àmọ́ bí mo bá ti tan ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga báyìí, gbogbo rẹ̀ á kú. Bẹ́ẹ̀ bátìrì ṣì wà ní 70%. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́, màá. Ara rẹ̀ ló ń ṣọ́. Iná tí Ioniq 5 lè gbé síta lẹ́ẹ̀kan náà kò ju 3.6 kW (kílówáàtì, ìwọ̀n agbára iná) lọ, yálà bátìrì kún tàbí kò kún. Táǹkì omi lè kún dẹ́nu, ìwọ̀n tí ọ̀nà ọ̀fun páìpù bá gbà náà ni yóò jáde.

Ẹ̀rọ ìfami 1 HP, bó bá ti ń yí, nǹkan bíi 1 kW ló ń jẹ. Ìgbà tó bá fẹ́ gbéra ló burú: fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ó lè fa ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà. Jẹnẹrétọ̀ á kérora, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, á sì gbé e, torí irin wúwo tó ń yí nínú rẹ̀ á ràn án lọ́wọ́. Ínfátà inú mọ́tò, tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, kì í kérora. Bó bá ti rí i pé ẹrù pọ̀ jù, ó gé e nìyẹn.

Ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì lára mọ́tò, ẹ ní sùúrù díẹ̀, kí ẹ tún un kì bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ omi nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn. Bó bá gbéra, ẹ fi fíríìjì tẹ̀lé e. Bí kò bá gbéra, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo kapásítọ̀ rẹ̀, nǹkan kékeré tó ń ràn án lọ́wọ́ láti gbéra, kí ẹ tó bú mọ́tò. Èyí tí mo tú nílé kan lóṣù tó kọjá ti wú bí àkàrà, orí rẹ̀ ti là. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ tó ti ń pa mọ́tò láti ọjọ́ yìí wá gbéra wẹ́rẹ́. Ẹ wo wáyà tí ẹ fi ń fa iná dé kànga náà. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn, tí wọ́n tún ká jọ bí ejò, máa ń gbóná, agbára iná á sì ti dínkù kó tó débẹ̀.

Ẹrù tó pọ̀ jù kì í ṣe ti ẹ̀rọ omi nìkan o. Láàárọ̀ Ojúde Ọba, regbéregbé kún ilé kan, wọ́n ń lọ aṣọ: áyọ́ọ̀nù méjì, 1.2 kW lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́tùlù 2 kW lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. 4.4 kW ti pé. Wọ́n pè mí pé mọ́tò ti jóná. Kẹ́tùlù ni mo ní kí wọ́n yọ.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò MG4 ni tèmi. Mo ra adápítà ìfaná-jáde ti mọ́tò BYD l'Ékòó torí ẹnu wọn jọra. Ó wọlé, iná ò jáde.

Ìdáhùn: Ẹnu jọra, èdè ò jọra. Rẹsísítọ̀ kékeré kan wà nínú orí adápítà tó ń sọ fún mọ́tò pé kó gbé iná síta, ti ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Dá a padà fún ẹni tó tà á. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u.

Ìbéèrè: Nissan Leaf tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni mo rà ní Ṣágámù. Wọ́n ní Leaf lè tan iná ilé. Wáyà tí mo fi ń cháàjì ò gbé nǹkan kan wá.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni wọ́n sọ, wọn ò sọ ọ́ tán ni. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ àti omíyalé tó ṣẹlẹ̀ ní Jàpáànù lóṣù Kẹta 2011, Nissan bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ tó ń gba iná Leaf sínú ilé ní 2012. Ẹnu ńlá tí wọ́n ń pè ní CHAdeMO, tí wọ́n fi ń cháàjì kíákíá, ni iná yẹn ń gbà jáde, iná DC (irú ti bátìrì) sì ni. Àpótí tí wọ́n gbé sára ògiri ló ń sọ ọ́ di AC, irú ti ilé. Wáyà ọwọ́ rẹ, àwọlé nìkan ló mọ̀. Kọ́kọ́ wò ó bóyá mọ́tò rẹ tiẹ̀ ní ẹnu ńlá náà, torí àwọn kan láti Amẹ́ríkà ò ní in. Tó bá ní in, àpótí tó ń gbé 230 V, 50 Hz jáde ni kí o wá, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Ká má parọ́, àbúrò, bó bá jẹ́ pé gílóòbù àti fáànù lo fẹ́ tàn, ínfátà lásán á sàn fún àpò rẹ.

Ìbéèrè: Mo ṣe wáyà tó ní pílọ́ọ̀gì lórí méjèèjì, mo fi ki sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀, gbogbo ilé tàn. Ìkẹ́nnẹ́ ni mo wà. Àwọn kan ní kò dáa.

Ìdáhùn: Yọ ọ́ lónìí. Bí o bá yọ orí kan, irin ìhòòhò tó níná ló wà lọ́wọ́ rẹ yẹn. Bí suwíìṣì ńlá ilé bá ṣì kọjú sí NEPA, iná rẹ ń lọ sórí òpó, níbi tí ẹlòmíràn ti ń tún wáyà ṣe. Bí wọ́n bá sì mú iná dé lójijì, méjèèjì á kọlu ara wọn, ínfátà mọ́tò ni yóò jẹ gbèsè. Sẹ́ńjọ́fà tó ń gé wáyà méjèèjì ni kí oníṣẹ́ iná bá ọ fi sí i, kó sì yẹ wáyà ilẹ̀ wò.

Ìbéèrè: Aago méjì òru ni iná kú. Bátìrì ṣì wà ní 40%.

Ìdáhùn: Ẹ lọ wo ojú móníto mọ́tò. Ààlà kan wà níbẹ̀ tí iná ò ní jáde mọ́ bí bátìrì bá wálẹ̀ dé e, ẹ sì lè yí i. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó tà á ti fi sí 40%. Ilé tó ń jẹ 500 W fún wákàtí mẹ́wàá kò lò ju 5 kWh lọ (1 kW fún wákàtí kan ni 1 kWh), ìyẹn ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá bátìrì 77 kWh. Bí ẹ bá ti yí ààlà náà tó tún kú, ẹ ya fọ́tò ohun tó kọ síbẹ̀ kí ẹ tó pa á, kí ẹ gbé e wá.