Ẹ Ra Tépù Kí Ẹ Tó Háyà Kánópì: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Eré Ìdárayá àti Ẹ̀kọ́ Ìlera ní Sẹ́kọ́ńdírì

Sáà kejì ti dé tán. Ọyẹ́ ti ń mú, koríko pápá ti ń gbẹ, àwọn onílé-ẹ̀kọ́ àdáni káàkiri Ìbàdàn sì ti ń wá ẹni tí yóò bá wọn ṣe ínta-háòsì. Tí wọ́n bá pè mí, mo máa ń bá a pé wọ́n ti háyà kánópì, wọ́n ti san àsansílẹ̀ fún onímáíkì, télọ̀ ti rán aṣọ máàṣì tán, àwòrán ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sì ti wà lára bánà tó bo gbogbo ògiri iwájú. Ẹ wá béèrè tépù tí a ó fi wọn pápá. Wọ́n á máa wo ojú ara wọn.

Mo ti ń ṣe tíṣà eré ìdárayá láti ìgbà tí fèrè ọrùn mi ṣì máa ń balẹ̀ sí àyà. Orí ikùn ló ń sinmi lé báyìí, àwọn ọmọ SS2 sì ti sọ mí ní Kóòṣì Ẹ̀bà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà náà mọ bí wọ́n ṣe ń wọn pápá.

N kò ní máa kọ́ yín ní ohun tí ẹ ti mọ̀. Ẹ mọ̀ pé PHE (Physical and Health Education) là ń pe eré ìdárayá àti ẹ̀kọ́ ìlera ní JSS, àti pé ó di iṣẹ́ méjì ní SSS, Physical Education lọ́tọ̀, Health Education lọ́tọ̀, tí WAEC sì ń ṣe ìdánwò méjèèjì. Ohun tó ń bí mi nínú ni mo fẹ́ kọ.

1. Fífi gbogbo àsìkò PHE kọ nóòtì. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ó kéré tán. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni PHE wà lórí táímùtébù yín, ẹ sì tún ní kí ọmọ jókòó kọ "Ìtàn Bọ́ọ̀lù Aláfọwọ́gbá" sínú ìwé. Ọmọ yẹn á ka òfin rẹ̀ sórí láìfọwọ́ kan bọ́ọ̀lù títí tí yóò fi jáde JSS3.

2. Fífi eré ìdárayá jẹ ọmọ níyà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ó pẹ́ dé, ẹ ní kó yí pápá ká lẹ́ẹ̀márùn-ún. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè ẹ fọn fèrè pé kó wá sáré, ẹ wá ń ṣe kàyéfì pé ojú rẹ̀ fà ro. Ta ló kọ́ ọ pé ìyà ni eré sísá?

3. Kíkó àwọn ọmọ jáde sáré ní agogo méjìlá ọ̀sán. Rárá.

4. Rírán wẹ́dà níṣẹ́ hurdle, ohun tí àwọn eléré ń fò kọjá bí wọ́n ṣe ń sáré. Láti ìgbà tí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti sá 100 mítà onífífò ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Eugene ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2022, tí ó sì dá àkọsílẹ̀ tuntun lágbàáyé (world record), gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló fẹ́ ní hurdle. Ìyẹn dára púpọ̀, inú mi dùn sí i. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ lọ bá wẹ́dà tó ń ṣe géètì, ẹ fi àwòrán hàn án lórí fóònù, ó sì fi páìpù irin ṣe é, ó fi ẹsẹ̀ sí i níwájú àti lẹ́yìn kó má baà ṣubú. Ẹ̀yin ènìyàn, ṣíṣubú gan-an ni iṣẹ́ hurdle! Apá kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wà, apá tí ẹni tó ń sáré ti ń bọ̀ ni a sì máa ń kọ ọ́ sí, kó lè dà síwájú tí ẹsẹ̀ bá kàn án. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ní kí n wá wo "irin-iṣẹ́ ìgbàlódé" wọn, mo fi ọwọ́ méjèèjì ti hurdle kan, kò mì. Ẹ fojú inú wo ojúgun ọmọ JSS1 níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gíga ti àwọn obìnrin àgbà, sẹ̀ńtímítà 83.8, ni wọ́n fún àwọn ọmọ náà. Ẹ gbé ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí páìpù PVC lé orí kóònù méjì. Tí ẹsẹ̀ bá kàn án, ó ti já bọ́. Owó tí ẹ ó ná kò tó owó ọkọ̀ tó gbé irin wẹ́dà wá.

5. Sítágà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ níbí.

Ẹ mọ̀ pé tí wọ́n bá máa sá eré tó gba kọ́nà kọjá, tí oníkálùkù sì gbọ́dọ̀ dúró sí léènì tirẹ̀, ẹni tó wà níta gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ níwájú ẹni tó wà nínú, torí pé ọ̀nà tirẹ̀ gùn jù. Ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ yìí là ń pè ní sítágà. Gbogbo yín lẹ mọ ìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe ni kí wọ́n ronú ibi tí iye rẹ̀ ti wá. Wọ́n á ṣí fóònù, wọ́n á da mítà 7.04 fún léènì kejì, 14.70 fún ìkẹta àti ìyókù kọ, wọ́n á sì gbé e lọ sórí pápá koríko bí ẹni pé Sítédíọ̀mù Lékan Sàlámì ni wọ́n wà.

Pápá 400 mítà ni iye yẹn wà fún, èyí tó ní etí tó ga sókè nínú, tí léènì rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 1.22. Nítorí etí gíga yẹn, sẹ̀ńtímítà 30 sí etí ni wọ́n ti ń wọn léènì kìíní, 20 sí ìlà sì ni ti àwọn yòókù. Pápá tiwa kò ní etí kankan, ìlà ẹfun lásán ni. Sẹ̀ńtímítà 20 la fi ń wọn gbogbo wọn. Nítorí náà, tí ọmọ bá máa yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan, ìyàtọ̀ láàárín léènì kan àti èkejì jẹ́ 2 × 3.142 × 1.22, ìyẹn mítà 7.67. Bí ó ti rí láti kìíní sí kejì ló rí láti karùn-ún sí kẹfà.

Ibi tó ń dà wọ́n láàmú gan-an wá nìyí: ìtóbi pápá kò kan sítágà. Bóyá pápá yín jẹ́ 400 tàbí 200, tí wọ́n bá yí i ká lẹ́ẹ̀kan, 7.67 náà ni. Fífẹ̀ léènì àti iye kọ́nà tí ọmọ máa gbà ló ń pinnu rẹ̀. Tí àyè bá há, tí ẹ sì ṣe léènì yín ní mítà kan, ó di 6.28. Tí ó bá jẹ́ kọ́nà kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbà, ẹ pín in sí méjì.

Ó ṣẹlẹ̀ ní ìdíje kan tí wọ́n pè mí sí gẹ́gẹ́ bí adájọ́ (mo kọ́kọ́ jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù kí n tó wo pápá, ẹ ti mọ̀ mí). Pápá 200 ni. Tíṣà tuntun wọn, ọmọdékùnrin tó múra dáadáa, wo tébù inú fóònù, ó rí "200 mítà", ó lo iye tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́nà kan ṣoṣo ni eré 200 ń gbà lórí pápá 400. Lórí pápá tiwọn, odindi àyíká kan ni. Léènì kẹfà tó yẹ kó fi mítà 38.35 ṣíwájú léènì kìíní, ohun tó fún un kò ju 18.86 lọ. Ọmọbìnrin Yellow House tó bọ́ sí léènì kẹfà sá nǹkan bí mítà 219, nígbà tí ti Red House ní léènì kìíní sá 200. Ó ṣe ipò kẹrin, ó dùbúlẹ̀ sórí koríko. Onímáíkì sì ń pariwo pé "Yellow House, ẹ lọ jẹun sí i o!" Ọmọ yẹn ló yára jù nínú gbogbo wọn. Bàbá rẹ̀ wà lábẹ́ kánópì, tábìlì rẹ̀ ní omi tútù àti òdòdó oníke lórí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n fi ìlà ẹfun rẹ́ ọmọ rẹ̀ jẹ.

Tí ẹ bá fẹ́ ya pápá 200 tó péye, tí ẹ̀gbẹ́ gbọọrọ méjèèjì jẹ́ mítà 50, tí kọ́nà méjèèjì sì jẹ́ 50 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kan èèkàn sí àárín kọ́nà, kí ẹ fi mítà 15.72 fa ìlà inú yíká. Ẹ má lo okùn ọ̀rá, ó ń fà. Wáyà tàbí tépù irin ni kí ẹ lò. Pẹ̀lú léènì mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ á wọ inú pápá tó gùn ní mítà 100, tó fẹ̀ ní 50. Tí ẹ bá ń wọn sítágà, ẹ jẹ́ kí tépù tẹ̀ lé kọ́nà, ní sẹ̀ńtímítà 20 sí ìlà inú léènì náà. Ẹ má fà á gbọnrangandan láti orí dé ìdí.

Nípa 400 lórí irú pápá bẹ́ẹ̀, ẹ má gbìyànjú pé kí wọ́n wà nínú léènì títí dé ìparí. Léènì kẹfà á bẹ̀rẹ̀ ní mítà 76.70 síwájú, àwọn òbí á sì rò pé eré mìíràn ló ń sá. Ẹ fi ìlà tó tẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n gba inú.

Mo ti gbàgbé nọ́ńbà tí mo dé. Ẹ máa ka ìyókù bó ṣe ń bọ̀.

Ìlà ìparí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọmọ tó ń sáré kì í dúró lójijì. Tí pápá yín kò bá gba 100 mítà pẹ̀lú àyè tí ọmọ máa fi dẹwọ́ eré, ẹ ṣe 80, kí ẹ sì pè é ní 80.

Irin jíjù (shot put) tí ilé-ẹ̀kọ́ jogún, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Kílò 3 ni ti ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 18, kílò 5 ni ti ọmọkùnrin. Ẹ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ń wọn ìrẹsì, ìṣẹ́jú kan ni.

Fọ́ọ̀mù ìlera. Èyí kò gba owó, síbẹ̀ òun ni wọn kì í ṣe. Ẹ ti gba genotype ọmọ nígbà tó wọlé, ó wà nínú fáìlì ọ́fíìsì, tíṣà tó máa kó o lọ sórí pápá kò sì mọ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, nítorí náà ẹ má rò pé ọmọ tí genotype rẹ̀ jẹ́ SS (fòníkú-fọ̀ladìde) kò sí nílé-ẹ̀kọ́ yín. Ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọ́dọ̀ gbẹ lọ́fun, kò gbọ́dọ̀ sáré títí agbára rẹ̀ á fi tán, kò sì gbọ́dọ̀ dúró sínú òjò. Tó bá ní ara ń ro òun, ó parí nìyẹn, ẹ má sọ fún un pé ọ̀lẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di ẹni tí yóò máa ṣọ́ báàgì títí ayé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí ohun tí dókítà gbà á láyè láti ṣe, kí ọmọ ṣe é ní ìwọ̀n ara rẹ̀, kó máa sinmi, kó máa mu omi. Ọmọ tó ní ásímà náà, ínhélà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí pápá pẹ̀lú rẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku pọ̀. Tó bá wà nínú lọ́kà ní kíláàsì, kò wúlò. Àti pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka orúkọ wọn sétí gbogbo ènìyàn lórí asẹ́ńbílì. Mo ti rí i kí wọ́n ṣe é.

Omi gbígbóná àti ìpara alátagbóná lórí ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin màmá oníkántíìnì, ẹ̀yin bàbá tó sáré jáde lábẹ́ kánópì wá fa ẹsẹ̀ ọmọ: ẹ fi í sílẹ̀! Ẹsẹ̀ tó yí lónìí, omi dídì tí a fi aṣọ wé ló ń fẹ́, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí a rọra fi báńdéèjì dì í, kí a gbé e sókè, kó má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́. Tí kò bá lè fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀ rárá, tàbí tí egungun ń dùn ún tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ilé ìwòsàn ni. Ọmọ tí wárápá bá gbé, ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ kó nǹkan líle kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ wo aago. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ tó forí gbá, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, kò ní padà sórí pápá lọ́jọ́ yẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ òun ni olùgbá-góòlù yín.

Ẹ wo inú àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì yín kí ẹ tó sùn lónìí. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀: ìgò áyódìn tó ti gbẹ, pílásítà kan, àti kọ́kọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ilẹ̀kùn tó ń ṣí.

Àwọn ọmọbìnrin. Tí ọmọbìnrin bá ní òun kò lè sáré lónìí, ẹ má béèrè ìdí rẹ̀ níwájú àwọn ọkùnrin. Ẹ má fi tipá wọ ṣòkòtò pénpé fún un bí kò bá fẹ́ ẹ. Ṣòkòtò gígùn kò dí eré lọ́wọ́, híjáàbù náà kò dí i. Nínú Health Education, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fo orí-ẹ̀kọ́ nǹkan oṣù, tí ẹ ní kí wọ́n lọ kà á nílé, a mọ̀ yín. Kò sẹ́ni tó ń kà á nílé. Ẹ kọ́ ọ, fún ọkùnrin àti obìnrin. Kí ẹ sì fi páàdì sínú àpótí tí mo ń sọ yẹn, kí tíṣà obìnrin kan mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Tí kò bá sí tíṣà obìnrin lórí pápá, ẹ bẹ akọ̀wé ọ́fíìsì, kí ẹ sì sọ orúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin náà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n máa lọ láì kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ tiwa.