Bí A Ṣe Lè Ṣe Áàpù Tí Àkóso Rẹ̀ Yóò Wà Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ń Lò Ó

Ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀pọ̀ wa ni ó ń ti orí fóònù fi owó ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Síbẹ̀, mo rí ìyá kan tó ń ta gààrí tí ó máa ń gbé fóònù fún ọmọ rẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá ṣi bọ́tìnì tẹ̀, owó òun ti lọ nìyẹn. N kò rí ẹ̀bi ìyá náà. Áàpù ni kò fún un ní ọ̀nà àbọ̀.

Ọ̀nà àbọ̀ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Nínú ìlànà mẹ́wàá tí Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí áàpù àti ìkànnì ṣe lè rọrùn láti lò, gbé jáde ní ọdún 1994, ó sọ pé ẹni tó bá ṣèèṣì wọ ibi tí kò fẹ́ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde tó hàn kedere. Ẹ fi bọ́tìnì "Padà" sí ibì kan náà nínú gbogbo ojú-ìwé. Ohun tó bá ṣeé dá padà, ẹ ṣe é lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi "Dá a padà" sísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí ẹni tí a bá ń bi ní gbogbo ìgbà pé "Ṣé ó dá yín lójú?" kò ní í ka ìbéèrè náà mọ́. Owó ni kò rọrùn láti pè padà: níbẹ̀, ẹ béèrè, kí ìbéèrè náà sì dárúkọ ẹni tí yóò gbà á, iye owó náà àti owó iṣẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí áàpù dákẹ́. Bí ó bá dáhùn kí ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pé, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ yóò gbà pé ọwọ́ òun ló ṣe é; bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 10, ọkàn rẹ̀ yóò ti kúrò níbẹ̀, tàbí kí ó tún bọ́tìnì náà tẹ̀, kí owó sì lọ lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti ń fà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Owó kò tíì kúrò lọ́wọ́ yín", kí ẹ sì fi bọ́tìnì ìdádúró tó ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́ sí i.

Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà fóònù Benin ti kúrò ní ẹyọ nọ́ńbà 8, ó di ẹyọ 10, 01 sì ni ó ṣíwájú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọ ti àtijọ́, ẹ má pa ohun tó kọ rẹ́. Ẹ fi 01 kún un, kí ẹ sì fi hàn án kí ó fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé fóònù fún ẹni tí kò rí áàpù náà rí, kí ẹ ní kí ó dá iṣẹ́ dúró láàárín. Ojú-ìwé tí ó bá ti gbójú sókè wò yín kí ó tó tẹ bọ́tìnì, òun ni kí ẹ tún ṣe.