Orúkọ tí ẹ bá pè é ni wọ́n máa tà fún yín: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí ohun èlò iná

Fáànù òrùlé kan nílé oníbàárà wa ní Ọbáńtokò ló ń yí bí ẹni tó ru omi gun Òkè Olúmọ. Bí mo bá fi igi tì í, á sáré díẹ̀, á tún rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò le rárá. Mo yọ owó fún ọmọṣẹ́ mi, mo ní, "Sáré lọ Kútò, kí o ra kọ́ńdẹ́ńsà wá."

Wákàtí kan àtààbọ̀ kọjá kí ọmọ náà tó dé. Òógùn ń dà lára rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣófo. "Ọ̀gá, owó tí ẹ fún mi ò tó nǹkan kan o. Wọ́n ní kí n wá bi yín, ṣé ti éésì họ́ọ̀sì kan ni àbí ti họ́ọ̀sì kan àtààbọ̀?"

Èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe òun. Ohun tó kú nínú fáànù yẹn, kapásítọ̀ ni. Kọ́ńdẹ́ńsà ni àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ ń pè é, torí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn Òyìnbó fúnra wọn ń pè é láyé àtijọ́, kí wọ́n tó pa orúkọ náà dà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò éésì àti fíríìjì, kọ́ńdẹ́ńsà ni ọ̀pá tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ lẹ́yìn ẹ̀rọ, èyí tó ń lé ooru jáde. Ohun tó tún wá dojú ọ̀rọ̀ rú ni pé éésì kan náà ní kọ́ńdẹ́ńsà, ó sì ní kapásítọ̀. Ẹni tó bá pe ọ̀kan ní èkejì níbẹ̀, owó ńlá ló fẹ́ fi ṣòfò.

Bí ẹ bá tiẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ ní kapásítọ̀, ẹ kò tíì pè é tán. Ẹ wo ara rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà méjì. Ọ̀kan ni µF, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè tọ́jú, bíi 2.5, èkejì ni fóltì, bíi 450. Èyí tó jẹ́ µF yẹn, iye tó wà lára ti àtijọ́ gan-an ni kí ẹ rà. Ẹ má sọ pé "èyí tó tóbi jù ló máa sáré jù", torí kóyìlì fáànù ló máa gbóná títí yóò fi jó. Ti fóltì lè ju ti àtijọ́ lọ, kò gbọdọ̀ dín. Ẹ má sì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa iná, nítorí kapásítọ̀ máa ń tọ́jú iná sínú.

Kì í ṣe gbogbo orúkọ tí a ṣì pè ló ń ṣeni léṣe o. Láti 2005 ni NEPA ti kúrò láyé, a ṣì ń pariwo "NEPA ti mú iná wá!" títí dòní. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára, torí pé kò sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta NEPA. Àwọn tí wọ́n ń tà ni mo ń bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú wáyà. Gbogbo wa la máa ń sọ pé "wáyà mílímítà méjì àtààbọ̀". Bàbá kan tó ń kọ́lé lọ́nà Láfẹ́nwá gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó ra róòlù kan, ó bó o, ó fi irin ìwọnrin àwọn mekáníìkì wọ̀n ọ́n. Irin náà sọ fún un pé mílímítà kan àti nǹkan díẹ̀ ni. Bàbá fò fẹ̀rẹ̀, ó ní àwọn ọlọ́jà ti lu òun ní jìbìtì, ó gbé wáyà náà padà lọ sọ́jà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fa aṣọ ọlọ́jà ya. Nígbà tí wọ́n pè mí sí i, ojú ló ń tì mí láti sọ pé ọlọ́jà ni ó jàre.

Ìdí rẹ̀ ni pé 2.5 yẹn kì í ṣe bí wáyà ṣe nípọn. Bí ẹ bá gé wáyà bí ẹní gé iṣu, ojú tó là sílẹ̀ yẹn, fífẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní mm², tí méjì kékeré wà lókè. Wáyà 2.5 tó jẹ́ ojúlówó, tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí kì í ṣe fọ́nrán púpọ̀, nǹkan bíi mílímítà 1.78 ni irin yóò kà. Ti 1.5 yóò kà tó 1.38, ti 4 yóò kà tó 2.26. Ẹ fi sọ́kàn pé bàbà inú rẹ̀ ni ẹ máa wọ̀n, kì í ṣe rọ́bà tó bò ó. Àwọn oníjìbìtì mọ bí wọ́n ṣe ń fi rọ́bà tó nípọn bo wáyà tín-ín-rín. Ẹ tún fi abẹ ha ojú rẹ̀ díẹ̀. Bó bá funfun lábẹ́ àwọ̀ pupa yẹn, alumíníọ́mù ni wọ́n fi bàbà kùn, kò lè gbé iná tó ti bàbà.

Nínú iṣẹ́ wa, 1.5 ni fún gúlóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún éésì àti ẹ̀rọ tó ń gbóná omi. Ẹni tó bá fi 1.5 sáré sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kó lè rí owó díẹ̀ fi pamọ́, ara ògiri ni wáyà yẹn yóò ti máa yan.

Àwọ̀ wáyà náà ń kó èèyàn sí wàhálà. Àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú lè fi ojú lásán mọ aró kan yàtọ̀ sí òmíràn, àmọ́ àwa oníná, ojú lásán kò tó wa. Nínú ilé àtijọ́, pupa ni láìfù tó ń gbé iná wọlé, dúdú ni níútírà tó ń dá a padà, àwọ̀ ewé ni ẹ́ẹ̀tì tó lọ sínú ilẹ̀. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí iṣẹ́ wa ti ṣẹ̀, yí i padà láti 2004, ó sì di dandan fún wọn ní 2006: búráùn di láìfù, búlúù di níútírà, àwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò di ẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ewu wà nìyí. Ní ilé àtijọ́ tó ń lo fésì mẹ́ta, pupa, yẹ́lò àti búlúù ni fésì, dúdú ni níútírà. Lóde òní, búlúù ni níútírà, dúdú sì ti di ọ̀kan nínú fésì. Ìyẹn ni pé búlúù àti dúdú ti pààrọ̀ ipò! Bí ilé kan bá wá ní wáyà àtijọ́ níwájú àti wáyà tuntun ní yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un, tí ẹnì kan wá ń kọ́ni lórí fóònù pé "so búlúù mọ́ búlúù", fóltì 400 lè bọ́ sínú ẹ̀rọ tí 230 tọ́ sí. Ẹ máa sọ pé láìfù tàbí níútírà, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fi àwọ̀ ṣe orúkọ rẹ̀.

"Níútírà kò ní iná nínú." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irọ́ ni. Iye iná tó bá gba láìfù lọ náà ni yóò gba níútírà bọ̀. Bí ẹ bá já ojú ìso níútírà nígbà tí fíríìjì ń ṣiṣẹ́, apá tó lọ sọ́dọ̀ fíríìjì yóò gbé yín bí ẹni pé láìfù ni. Ẹ́ẹ̀tì ni kì í gbé iná rárá àfi lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí èèyàn fi ẹ́ẹ̀tì ṣe níútírà nígbà tí níútírà bá já sínú ògiri. Gúlóòbù á tàn, oníbàárà á dúpẹ́, ẹ ó gbowó yín. Lọ́jọ́ tí irin ẹ́ẹ̀tì bá tú nínú ilẹ̀, gbogbo ohun onírin tó wà nínú ilé yẹn ló máa ní iná lára.

Bírékà kúkúrú ni tirẹ̀. "Ó ń já, ẹ bá mi fi èyí tó tóbi sí i." Rárá. Wáyà ni bírékà ń ṣọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe èèyàn. Bí ẹ bá fi bírékà áńpù 63 ṣọ́ wáyà 2.5, wáyà ni yóò kọ́kọ́ jó kí bírékà tó mira. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èèyàn (RCD) yàtọ̀, iná áńpù 0.03 péré tó bá jò gba ibòmíràn ló máa ń jẹ́ kó já, ìyẹn 30 mA tí wọ́n ń kọ sí i lára. Bírékà 20 kò ní mọ̀ pé irú iná bẹ́ẹ̀ ń kọjá lára ẹnikẹ́ni.

"Ó ti ṣọ́ọ̀tì" náà wà níbẹ̀. Iná kò tàn, ó ti ṣọ́ọ̀tì. Bírékà já, ó ti ṣọ́ọ̀tì. Fáànù ń kùn, ó ti ṣọ́ọ̀tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sọ ohun tí ẹ rí fún mi. Bó bá já lójú ẹsẹ̀ tí ẹ gbé e, láìfù àti níútírà ti fara kanra, ìyẹn ni ṣọ́ọ̀tì gidi. Bó bá tó ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó já, ẹrù ló pọ̀ jù. Bí kò bá já rárá tí iná kò sì dé, wáyà ti gé níbì kan.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ ni akọ àti abo, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ló yẹ kó yé jù, torí ọ̀rọ̀ wa ni. Èyí tí irin rẹ̀ yọ síta ni akọ. Èyí tó ní ihò ni abo. Irin inú rẹ̀ ni kí ẹ wò, ẹ má wo rọ́bà. Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà tí a ń ki wáyà bọ̀ dà bí ihò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọjú wo inú rẹ̀, irin mẹ́ta ló dúró níbẹ̀, akọ ni. Nínú gbogbo iṣẹ́ iná, ibi tí iná ti ń bọ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́ abo, kí irin tó ní iná má baà wà níta gbangba.

Màmá kan ní Àṣerò pè mí. Wọ́n mú wáyà kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, púlọ́ọ̀gì wà lórí rẹ̀ níbí, púlọ́ọ̀gì wà lọ́hùn-ún. Ọ̀kan ti jó dúdú.

"Ẹ bá mi pààrọ̀ orí yìí, ọmọ mi. Òun ni mo fi ń mú iná jẹnẹrétọ̀ wọlé, orí kan sí jẹnẹrétọ̀, orí kejì sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri."

"Màmá, ẹ má bínú, mi ò lè ṣe é."

"Kí ló dé? Mo máa ń pa súìṣì ìta kí n tó kì í bọ̀ ọ́."

"Ọjọ́ tí ẹ bá gbàgbé ńkọ́, Mà?"

Mo jókòó, mo ṣàlàyé fún wọn. Bí ẹ bá ti ki orí kan bọ jẹnẹrétọ̀, irin tó yọ síta ní orí kejì ti ní iná, fóltì 230, lọ́wọ́ yín tàbí lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ yín. Bí ẹ bá sì gbàgbé súìṣì ìta, iná yín á gba òpó jáde, tiransifọ́mà ìgboro á sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì, òṣìṣẹ́ tó gun òpó lórí ìgbàgbọ́ pé kò sí iná ni yóò bá a pàdé. Bí iná ìgboro bá sì dé lójijì, òun àti jẹnẹrétọ̀ á fìjà pẹ́ẹ́ta. Ṣéńjóbà, súìṣì tí kì í jẹ́ kí iná ìgboro àti ti jẹnẹrétọ̀ pàdé, ni wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yẹn.

Màmá wò mí títí. Wọ́n ní, "Èmi rò pé o kàn fẹ́ ta ọjà fún mi ni." Mo ní kí wọ́n ra ṣéńjóbà náà níbikíbi tó bá wù wọ́n, kí wọ́n ṣáà ti pè mí wá so ó. Oṣù kejì ni wọ́n tó pè.

Wáyà yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo gé orí tó jó yẹn dànù, mo fi abo síbẹ̀, òun la fi ń lo ẹ̀rọ tó ń lu ihò ní ṣọ́ọ̀bù báyìí.